Ìṣùpọ̀ sílíkọ́nì: ohun tí wọ́n ń bi mí ní Àkúrẹ́, àti bí mo ṣe ń dáhùn

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ àti ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nílé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹnu ara mi sọ pé ìṣùpọ̀ sílíkọ́nì ni mo fi kọ ìwé oyè kejì, ìbéèrè ò tán mọ́: akẹ́kọ̀ọ́ ń bèèrè, òbí ń bèèrè, ọ̀gá tó ń ta páńẹ́lì sólà ní Arákalé ń bèèrè, ìyá tí mò ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba náà ò gbẹ́yìn. Mo kó àwọn tó ń wá lemọ́lemọ́ jọ síbí. Èyí tó dùn mọ́ mi, màá sọ ọ́ dé gbòǹgbò. Èyí tí kò dùn mọ́ mi, ẹ ó rí i pé n ò pẹ́ níbẹ̀.

Kí ni ìṣùpọ̀ sílíkọ́nì gan-an?

Sílíkọ́nì ni èròjà tó wà nínú iyanrìn àti nínú páńẹ́lì sólà, átọ̀mù sì ni ẹyọ tó kéré jù lọ nínú èròjà. Átọ̀mù sílíkọ́nì díẹ̀ tó ṣù mọ́ra wọn ni ìṣùpọ̀. Díẹ̀ tí mo wí yìí lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ méje, ó sì lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹ mú gíráàmù kan sílíkọ́nì, tí kò ju hóró ẹ̀pà kan lọ: iye átọ̀mù inú rẹ̀ ju 2 tí ẹ kọ òdo 22 tẹ̀ lé lọ. Nínú ìṣùpọ̀ tí à ń wí, a lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tán.

Bí ẹ bá bu gàrí nínú àpò, tí ẹ bù ú títí tó fi ku ẹ̀kúnwọ́ kan, gàrí náà ṣì ni. Omi yóò rin ín, yóò wú. Sílíkọ́nì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bù ú títí tó fi ku átọ̀mù mẹ́wàá, ohun tó kù kì í ṣe òkúta sílíkọ́nì kékeré mọ́. Bí wọ́n ṣe tò ti yí padà, ohun tó ń bá dàpọ̀ àti ohun tó ń kọ̀ ti yí padà. Ẹ tún fi ẹyọ kan kún un, kó di mọ́kànlá, ìwà rẹ̀ tún lè yàtọ̀. Òun ló gbà mí lọ́kàn.

Ṣé iyanrìn funfun Ìgbókòdá náà ni?

Inú rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Nínú iyanrìn, ọ́síjìn ló di sílíkọ́nì mú, ọ̀kan sí méjì, wọ́n sì di ara wọn mú pinpin. Irú iyanrìn funfun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Bí a bá fẹ́ sílíkọ́nì nìkan, a ó da òkúta kúwọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú iyanrìn funfun yìí, pọ̀ mọ́ èédú nínú iná ìléru tó gbóná tó ìwọ̀n 2000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Kábọ́ọ̀nù inú èédú á gba ọ́síjìn lọ, sílíkọ́nì á ṣẹ́ kù. Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Swídìn, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1824.

Ká mú ọ́síjìn kúrò, kò sí èròjà tó pọ̀ tó o nínú èèpo ilẹ̀ ayé: bí ìdá 28 nínú 100 ni. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè ti fi ẹsẹ̀ tẹ sílíkọ́nì títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nítorí òkúta ibẹ̀, kúwọ́ọ̀sì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ẹ má sì ṣì í pè ní sílíkóònù tí àwọn tó ń de wíńdò alùmíníọ́ọ̀mù máa ń fún láti inú túùbù. Orúkọ ló jọra. Ìyẹn jẹ́ sílíkọ́nì àti ọ́síjìn tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, tí kábọ́ọ̀nù àti hídírójìn sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnìkan ti bi mí rí bóyá òun lè ra ìṣùpọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onípáípù. Rárá o.

Ẹ máa ń sọ pé ó ní ọwọ́ mẹ́rin. Ọwọ́ wo?

Átọ̀mù sílíkọ́nì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 14, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó yí àárín rẹ̀ ká: méjì nínú, mẹ́jọ láàárín, mẹ́rin lóde. Mẹ́rin tó wà lóde yìí ni mò ń pè ní ọwọ́. Nínú ègé sílíkọ́nì gidi, ìyẹn irú èyí tó wà nínú páńẹ́lì sólà, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan na ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì di ẹni mẹ́rin mú. Láti ọ̀kan sí èkejì jẹ́ 0.235 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), igun àárín ọwọ́ méjì sì jẹ́ dígírì 109.5. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe tò nínú dáyámọ́ǹdì náà nìyẹn.

Ẹ wá ro ti àwọn tó wà ní etí. Ẹni tó wà ní àárín agbo rí ẹni dì mú lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. Ẹni tó wà ní etí, ọwọ́ rẹ̀ kan tàbí méjì ń so lófìfo. Nínú òkúta ńlá, àwọn ará etí kò tó nǹkan. Nínú ìṣùpọ̀ átọ̀mù mẹ́wàá, gbogbo wọn ni ará etí! Kò sí ẹnì kan láàárín. Ọwọ́ tó ń so lófìfo yìí, sílíkọ́nì kò lè fara dà á. Gbogbo ohun tí màá sọ kù, orí rẹ̀ ló dá lé: ìṣùpọ̀ náà á ká ara rẹ̀ kò, á fún ara rẹ̀, á yíwọ́ padà, kí ọwọ́ tó dilẹ̀ lè dín kù.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń tò?

Ní Sátidé kan mo kó ọmọ SS2 mẹ́fà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Mo ní kí wọ́n bu amọ̀ wá láti etí odò Àlà, kí wọ́n sì já ẹyọ ìgbálẹ̀ dání. Amọ̀ ni átọ̀mù, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni ọwọ́. (Ìyá ọ̀kan nínú wọn pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni mo fi ìgbálẹ̀ òun ṣe.)

Méjì kò ní wàhálà. Mẹ́ta jókòó bí ààrò, ààrò mẹ́ta kì í sì í dọbẹ̀ nù. Àmọ́ àlàfo wọn kò dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ méjì ṣe déédéé, ẹ̀kẹta gùn díẹ̀. Orí mẹ́rin ni gbogbo wọn ti kùnà. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà to mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kan lé orí. Ó dúró, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣùpọ̀ mẹ́rin tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, bí àmì dáyámọ́ǹdì tó wà lára káàdì. Bó ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti dúró ṣinṣin jù.

Láti márùn-ún lọ ni wọ́n ti ń dìde. Márùn-ún: mẹ́ta yí ìbàdí ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mẹ́fà: mẹ́rin ní ìbàdí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìbàdí náà sì wọ́ díẹ̀. Méje: márùn-ún ní ìbàdí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ọmọbìnrin kan ní, “Sà, ó dà bí òkòtó méjì tí wọ́n fi ìdí kanra.” Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, n ò rí àpèjúwe tó jù ú lọ láti ìgbà náà.

Ọmọ náà ò dákẹ́. Ó ka ẹyọ ìgbálẹ̀ tó gún amọ̀ tó wà lókè. “Márùn-ún ni, sà. Ẹ ní ọwọ́ mẹ́rin ló ní.”

Inú mi dùn débi pé mo ra pọ́fù-pọ́fù fún gbogbo wọn.

Báwo ni ọlọ́wọ́ mẹ́rin ṣe di ẹni márùn-ún mú?

Kò dì í mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú òkúta, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì wà láàárín átọ̀mù méjì, ó tán síbẹ̀. Nínú ìṣùpọ̀ kékeré, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í jókòó sójú kan bẹ́ẹ̀. Wọ́n tàn ká, átọ̀mù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń jọ lò wọ́n. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní lágbára tó ti inú òkúta, àmọ́ wọ́n pọ̀ sí i, ọwọ́ tó dilẹ̀ sì dín kù. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kò lè sọ èyí, nítorí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kì í pín sí mẹ́ta. Ibi tí amọ̀ mi ti tàn mí jẹ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kì í ṣe bọ́ọ̀lù bíi ti kábọ́ọ̀nù?

Àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ló máa ń bi mí ní èyí, torí wọ́n ti gbọ́ nípa bọ́ọ̀lù kábọ́ọ̀nù 60, èyí tí átọ̀mù kábọ́ọ̀nù 60 so kọ́ra ṣe, tí inú rẹ̀ ṣófo. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ní Yunifásítì Rice ní ìlú Houston, ẹ̀rọ tí Smalley, onímọ̀ kẹ́mísírì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n ti ń fi ṣe ìṣùpọ̀ oríṣiríṣi, sílíkọ́nì sì wà nínú rẹ̀, kí Kroto, onímọ̀ kẹ́mísírì mìíràn, tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní 1985 pé kí wọ́n bá òun fi kábọ́ọ̀nù sí i. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù 60 ti jáde, àwọn méjèèjì àti Curl, alábàáṣiṣẹ́ wọn, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996. Sílíkọ́nì tó ti wà nínú ẹ̀rọ ṣáájú kò gba nǹkan kan.

Bọ́ọ̀lù yẹn ṣeé ṣe nítorí kábọ́ọ̀nù lè fi ọwọ́ mẹ́ta di ẹni mẹ́ta mú, kó sì fi ìkẹrin dì pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ara sílíkọ́nì tóbi ju ti kábọ́ọ̀nù, wọ́n jìnnà síra, ìdìmú ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn kì í lágbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kó sílíkọ́nì 60 jọ, kí ẹ fi ṣe bọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ ṣófo: yóò wó sínú ara rẹ̀.

Ta ló rí wọn? Ojú kì í rí átọ̀mù méje.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kí n kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á tan iná lésà sí ojú sílíkọ́nì, iná tó le koko tí kì í pẹ́ rárá, á sì di èéfín. Lójú ẹsẹ̀ wọ́n á tú gáàsì hílíọ́ọ̀mù lé e. Hílíọ́ọ̀mù á tù ú, èéfín náà á máa ṣù pọ̀ bó ṣe ń tutù, wọ́n á sì tì í jáde sínú ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Wọ́n á wá fi iná mànàmáná gbá wọn sáré. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ á kọ́kọ́ dé, èyí tó wúwo á gbẹ̀yìn, wọ́n á fi àkókò mọ iye átọ̀mù tó wà nínú ẹni tó dé.

Iye nìyẹn. Ìrísí ńkọ́? Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á jẹ́ kí ìṣùpọ̀ náà gba àárín hílíọ́ọ̀mù kọjá, kí iná mànàmáná máa fà á. Ẹ ro Ọjà Ọba ní ọjọ́ tó kún fọ́fọ́. Ìyá kan gbé àpò gàrí rù, ó rọra gba àárín èrò kọjá. Bírìkìlà kan gbé ọ̀pá irin gígùn, irin náà wúwo tó àpò gàrí yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ni ó ń kọ lù. Taló máa kọ́kọ́ dé Ọ̀yẹ́mẹkùn? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣùpọ̀ tó rí róbótó ṣe máa ń yára ju èyí tó gùn lọ, bí iye átọ̀mù wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Ọ̀nà mìíràn ni láti mú wọn sínú gáàsì dídì, kí wọ́n tan lésà sí wọn, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Ìrísí kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gbọ̀n, bí ìlù kọ̀ọ̀kan ṣe ní ohùn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fìdí mẹ́rin, mẹ́fà àti méje múlẹ̀ ní 1993, ó sì bá ohun tí àwọn oníṣirò ti sọ mu.

Tí wọ́n bá ń pọ̀ sí i, ìgbà wo ni wọ́n ń di òkúta gidi?

Ó pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí wọ́n ṣe ń kọjá mẹ́wàá, wọn kì í wú bíi bọ́ọ̀lù; wọ́n ń gùn. Ohun tí wọ́n fi ń gùn ni òkìtì átọ̀mù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń tò léra: mẹ́ta nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè, ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá dé bíi 24 sí 30, ọ̀pá gígùn náà á ká ara rẹ̀ kò, á di róbótó. Ọ̀nà èrò inú ọjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fi èyí hàn. Ẹ má sì rò pé torí ó ti rí róbótó, inú rẹ̀ ti tò bíi dáyámọ́ǹdì. Ó ṣì kù jìnnà.

Ohun mìíràn tó máa ń yà mí lẹ́nu: bí ẹ bá fọ́ ìṣùpọ̀ ńlá, kì í já ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìṣùpọ̀ irin ṣe máa ń ṣe. Á pín sí òkìtì mẹ́fà, méje, títí dé mọ́kànlá. Mẹ́wàá máa ń pọ̀ nínú àfọ́kù wọn, torí mẹ́wàá jẹ́ iye tó dúró ṣinṣin gan-an.

Kí ni wọ́n ń bá dàpọ̀? Ṣé gbogbo wọn ló ń jẹ ohun kan náà?

Ìdí tí sílíkọ́nì fi ń wá ọ́síjìn kò ṣòro: ìsopọ̀ sílíkọ́nì sí ọ́síjìn lágbára tó ìlọ́po méjì ìsopọ̀ sílíkọ́nì sí sílíkọ́nì. Ègé sílíkọ́nì tí ẹ bá gbé sí ìta á bo ara rẹ̀ ní awọ ọ́síjìn tí kò ju nánómítà kan sí méjì lọ, awọ náà á sì dáàbò bò ó.

Ìṣùpọ̀ kì í ṣe báyẹn. Ní èyí tí kò tíì tó bí 30, bí ọ́síjìn méjì tó so pọ̀ bá wọlé, wọn kì í jókòó. Wọ́n dà bí àlejò méjì tí oníkálùkù wọn fa ọmọ onílé kan lọ́wọ́ jáde: ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan mú sílíkọ́nì kan, wọ́n lọ, ìṣùpọ̀ mẹ́wàá di mẹ́jọ. Bí òmíràn bá tún dé, mẹ́jọ á di mẹ́fà. Ní ti àwọn tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn náà á jókòó sára wọn, ilé á sì dúró. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ni pé àwọn ńlá wọ̀nyí kì í tètè gba ọ́síjìn tó bí ojú òkúta sílíkọ́nì gan-an ṣe ń gbà á. Ẹni tó bá rò pé kékeré ló ń yára jẹun jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Gáàsì amóníà ló wá fi ìyàtọ̀ iye hàn. Ní 1987, Smalley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìṣùpọ̀ 33 àti 39 kì í fẹ́ dá amóníà lóhùn, nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn ń gbà á. Ẹyọ kan péré ló sọ wọ́n di olóríkunkun. Wọ́n tò lọ́nà tí ọwọ́ tó dilẹ̀ kò fi pọ̀ mọ́ lára wọn.

Àmọ́ iye kò tó láti fi dájọ́. Ìṣùpọ̀ méjì lè ní iye kan náà, kí ìrísí wọn yàtọ̀, kí ọ̀kan máa sáré bá gáàsì dàpọ̀, kí èkejì jókòó. Bí ìbejì, ẹ̀yin tó ti tọ́ ìbejì mọ ohun tí mò ń wí.

Ǹjẹ́ wọ́n lè mú kí ọwọ́ tó dilẹ̀ yẹn tán pátápátá?

Ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi hídírójìn dí gbogbo ọwọ́ náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kó má kéré jù ni o: sílíkọ́nì kan péré tí hídírójìn mẹ́rin yí ká jẹ́ gáàsì tó ń gbiná fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kan afẹ́fẹ́.

Èkejì ló wù mí jù: kí wọ́n fi irin kan sí àárín. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní Japan ṣe èyí tí tọ́ńgísítẹ̀nì kan wà láàárín sílíkọ́nì méjìlá. Àwọn méjìlá náà tò bí ìlù, mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, irin jókòó sínú. Irin náà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè fi bá gbogbo wọn pín, ọwọ́ òfìfo ò sí mọ́. Àgò tí kò bá ní ẹyẹ nínú á wó. Ẹyẹ yìí ló dá àgò dúró.

Kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀gá onípáńẹ́lì ní Arákalé ló máa ń bèèrè èyí, ó sì fẹ́ kí n sọ pé a ó fi ṣe páńẹ́lì tí kò ní bà jẹ́. N ò lè purọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣùpọ̀ ń ṣe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ègé tó tóbi díẹ̀ ní oore. Ní 1990, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Canham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé sílíkọ́nì tí wọ́n fi ásíìdì jẹ ihò sí títí tó fi di tín-ín-rín ń tan iná pupa, bẹ́ẹ̀ òkúta rẹ̀ kì í tàn dáadáa. Kíkéré ló yí i padà.

Bátìrì náà wà ńbẹ̀. Sílíkọ́nì lè gba lítíọ́ọ̀mù tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti gíráfáìtì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò nínú bátìrì, ṣùgbọ́n á wú bí búrẹ́dì, á tóbi tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á sì sán. Bí ègé rẹ̀ bá kéré, sísán yẹn á dín kù.

Ṣé kò léwu?

Ìṣùpọ̀ tí mo ń wí, inú ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ kò sí ló ń gbé. Kò lè débi imú yín. Eruku òkúta ni kí ẹ bẹ̀rù. Àwọn tó ń fọ́ òkúta káàkiri Àkúrẹ́, eruku kúwọ́ọ̀sì tí wọ́n ń mí sínú ń dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Kí wọ́n wọ ìbòmú, kí wọ́n bu omi sí òkúta kó tó fọ́.

Ṣé ọmọ Àkúrẹ́ lè ṣe irú ìwádìí yìí, láì ní lésà?

Ó lè ṣe é, kọ̀ǹpútà ni yóò fi ṣe é. Ẹ ó kọ ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà, ẹ̀rọ á ṣírò agbára rẹ̀, á sì máa sún wọn díẹ̀díẹ̀ kí agbára náà lè lọ sílẹ̀, bí omi ṣe ń wá ibi tó relẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó dà bí Òkè Ìdànrè: àfonífojì pọ̀ níbẹ̀. Omi lè dúró sí ọ̀kan kó rò pé òun ti dé ìsàlẹ̀, nígbà tí èyí tó jìn jù wà lẹ́yìn òkè kejì. Nítorí náà ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi púpọ̀. Fún méje kò le. Fún ogún, ẹ̀yin àti oorun ti kọ ara yín sílẹ̀. Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù.

Èmi ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Mo fi ìṣùpọ̀ mọ́kàndínlógún sí i ní alẹ́ Ọjọ́rú. Ní òwúrọ̀ Ẹtì, ó kù díẹ̀ kó parí, iná lọ. Íńfátà mi gbé e fún ogójì ìṣẹ́jú, ó dákẹ́. Mo ti gbàgbé láti ní kó máa tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé, nítorí náà nígbà tí iná dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí ni ìlà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó máa tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé.

Àwọn ọmọ mi fẹ́ fi amọ̀ ṣe mẹ́wàá. Báwo ni wọ́n ṣe máa tò ó?

Kí wọ́n to mẹ́ta sílẹ̀ bí ààrò, kí wọ́n gbé mẹ́ta mìíràn sókè wọn gan-an, kí ó dà bí àgọ́ onígun mẹ́ta tó nàró. Ó ní ògiri mẹ́ta: kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ àárín ògiri kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá á jókòó lórí òrùlé. Kí amọ̀ gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó gún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri á máa já bọ́. Kí wọ́n sì tọrọ ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn kí wọ́n tó já a.